Ọmọ ilé kimono tó lọ ń lùlù

Mo ti rán kimono tó lé ní ọgọ́rùn-ún kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ kimono. Téélọ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, ẹni tó bá sì ń ra àdìrẹ nílùú wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dé Ìtokú lónìí kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kimono, kíá ni wọ́n á fa nǹkan kan yọ fún yín, àwọ̀lékè tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, kò ní bọ́tìnnì, kò ní kọ́là, ẹ lè wọ̀ ọ́ lé jíǹsì, ẹ lè wọ̀ ọ́ lé gáùn. Orúkọ tá a bá lẹ́nu àwọn kọ́sítọ́mà nìyẹn, òun náà la sì ń pè é. Mi ò béèrè ibi tórúkọ yẹn ti wá rí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni iná lọ, mo dùbúlẹ̀, mò ń wá sítáì tuntun lórí fóònù, mo kàn tẹ kimono sórí YouTube. Látorí fídíò kan dórí òmíì, mo já sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn aṣọ kan ní Tokyo. Àwọn ọmọbìnrin ń rìn bọ̀, síliìkì aláràbarà ló wà lára wọn, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ọ̀já fẹ̀ nídìí, mo rí i pé kimono ni lóòótọ́ àmọ́ èjìká ti já sílẹ̀, ẹsẹ̀ hàn síta, bàtà gogoro ni wọ́n wọ̀. Nígbà tó parí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lo jígí dúdú, tí irun rẹ̀ rí bíi pé wọ́n da oyin sí i, jáde wá, ó tẹrí ba. Mo rò pé téélọ̀ ni. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò, wọ́n ní onílù ni.

Onílù kẹ̀? Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Yoshiki lorúkọ rẹ̀, Yoshikimono lorúkọ aṣọ rẹ̀, ó kàn so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ orúkọ aṣọ ni. Ìlú Tateyama ní agbègbè Chiba, létí òkun, ni wọ́n ti bí i ní November 1965, òun sì ni àkọ́bí ọkùnrin nínú ilé tí wọ́n ti ń ta kimono. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbi tí mo dé yìí, torí òun ló yí gbogbo ohun tí mo ti rò lórí fídíò yẹn padà. Ṣọ́ọ̀bù kimono lọ́dọ̀ àwọn ará Japan, gofukuya ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ibi tí aṣọ rírán ń so rọ̀ lórí háńgà o, rólì síliìkì ló wà níbẹ̀, wọ́n á tú u fún yín lórí ẹní, ẹ̀yin á gbé e lé èjìká wò nínú dígí, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún ẹni tó máa rán an. Àárín rólì aṣọ wọ̀nyẹn lọmọ náà dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ mọ piano tẹ̀, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ piano nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, bàbá yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Mi ò mọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ń gbé irú ẹ̀ rìn. Orin rọ́ọ̀kì ló sá lọ bá, ó ní ìlù lòun fẹ́ lù. Ní 1982 òun àti Toshi, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ wà láti kékeré, dá ẹgbẹ́ orin tí wọ́n pè ní X sílẹ̀, nígbà tó yá ó di X Japan. Ẹ lọ wo fọ́tò wọn nígbà yẹn, irun wọn nà sókè gàn-ùn gan-un bíi pákó, tìróò, aṣọ awọ dúdú, ọkùnrin márùn-ún tó ṣe lóge ju ìyàwó ojú ọ̀nà lọ, àwọn wọ̀nyẹn ló wà nídìí ohun tí wọ́n wá ń pè ní visual kei lórílẹ̀-èdè wọn, ìyẹn àṣà àwọn olórin rọ́ọ̀kì tó ń ṣara lóge báyẹn. Yoshiki fúnra rẹ̀ á lu ìlù títí á fi ṣubú lulẹ̀ lórí pèpéle, ọrùn rẹ̀ kò sì gbàgbé, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́rùn ní 2009, wọ́n tún ṣe é ní 2017, wọ́n tún ṣe é ní 2024. Ọkùnrin yìí kan náà ló sì tún kọ orin piano pẹ̀lú ọ̀pọ̀ fayolíìnì fún ayẹyẹ ọdún kẹwàá tí Ọba Akihito gorí ìtẹ́, ní 1999, tó tẹ̀ ẹ́ níwájú ọba. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni ẹgbẹ́ orin wọn ti tú ká, ọdún tó tẹ̀ lé e ni hide tó ń ta gìtá fún wọn kú.

Ìgbà tó di 2011, tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tí ayé ti mọ̀ ọ́n, tí kò sẹ́ni tó ń retí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ló padà sídìí kimono.

Mo mọ irú ìpadàbọ̀ yẹn. Ìyá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wà yìí, Láfẹ́nwá ni, máṣíìnì Butterfly méjì àti tábìlì ìgéṣọ kan. Láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì ni mo ti ń di bọ́bìnnì fún wọn, tí mò ń tú aṣọ tó bá bà jẹ́, mo sì ti pinnu pé mi ò ní ṣe iṣẹ́ yẹn láéláé, mo kọ́ àkáǹtì ní poly, mo ríṣẹ́ sí Èkó. Ní 2016 ni wọ́n ṣaláìsí. Mo wá sílé láti wá palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, mo wá bá aṣọ mọ́kàndínlógún nínú Ghana-must-go, aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà tí wọn ò tíì rán, òmíì wọ́n ti gé e, ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú píìnì, èjìká 16, gígùn 58, Ìyá Ṣọlá, ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí n kàn rán ìwọ̀nyí fún àwọn tó ni í kí wọ́n má bàa bínú sí òkú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Mi ò padà sí Èkó mọ́.

Nítorí náà nígbà tí mo kà á pé ọmọ ilé kimono ni onílù yìí, ara mi bù mọ́ ọn. Mo wá fẹ́ mọ ohun tó ń gé.

Bí wọ́n bá fi èdè wọn tú kimono, ohun wíwọ̀ ni, ki ni wíwọ̀, mono ni ohun, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rólì kan tí wọ́n ń pè ní tan ló ń di aṣọ kan. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 12, àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 36 sí 38 lọ, tínínrín bẹ́ẹ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ni wọ́n máa ń gé e sí, méjì fún ara, méjì fún ọwọ́, méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún iwájú, kọ́là àti ohun tó bo kọ́là, ìlà gbọọrọ sì ni gbogbo rẹ̀, kò síbi tí àlùmọ́gàjí ti ya kọ̀rọ̀. Téélọ̀ ẹgbẹ́ mi tó bá ń ka èyí á ti lanu. Wọn ò gé ihò apá ní róbótó bí a ṣe ń gé e. Ọrùn gan-an, wọ́n á là á ni, ohun tó bá ṣẹ́kù wọ́n á ṣẹ́ ẹ sínú. Bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ bá kúrú, wọn ò ní gé ìdí rẹ̀ kúrò, á ká a ní ìbàdí, á fi ọ̀já dè é, ọ̀já yẹn nìkan lè gùn ju mítà 4 lọ. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń rán ojúlówó rẹ̀, torí àtitú ni. Tó bá dọ̀tí tàbí tó ṣá, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un rán pọ̀ lórí àti nídìí kó padà di aṣọ gígùn kan ṣoṣo bíi ti ọjọ́ tó kúrò lórí òfì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nà án, wọ́n á sì tún un rán fún ọmọ tàbí ọmọ ọmọ. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wolẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, àjákù àdìrẹ ló kún ibẹ̀, oníkọ̀rọ̀, ti abíyá, ti ọrùn, ọmọọṣẹ́ mi á gbá a sínú àpò lálaalẹ́, nígbà míì a máa ń fi rọ tìmùtìmù.

Aṣọ tí wọn kì í fi àlùmọ́gàjí fìyà jẹ ni ọkùnrin yìí wá ṣí léjìká. Ṣé kò dàbí ẹni tó wá ba ogún jẹ́ ni?

Àwọn kan ní Japan ò ní fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan lórí ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní ọlọ́pàá kimono, àwọn ìyá àgbàlagbà ló sábà máa ń jẹ́, wọn ò mọ̀ ẹ́ rí, ìwọ ò mọ̀ wọ́n rí, wọ́n á dá ẹ dúró lójú títì pé o ò so ọ̀já ẹ dáadáa, pé òdòdó ara aṣọ ẹ kì í ṣe ti oṣù yìí. Òótọ́ ni pé òfin rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀tún, òkú nìkan ni wọ́n ń gbé ọ̀tún lé òsì fún. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ló ń wọ furisode, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gùn fàlàlà. Ilé ẹ̀kọ́ wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń wọ kimono nìkan ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀. Àwa náà láwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lóde ìgbéyàwó, wọ́n á kàn fà ẹ́ mọ́ra, wọ́n á tú gèlè ẹ, wọ́n á tún un wé, wọ́n á ní ó dáa báyìí, àmọ́ gèlè ò tíì di ohun tí ọmọ wa ń bẹ̀rù. Ohun tí mo kà nípa tiwọn ni pé àwọn ọ̀dọ́ míì fẹ́ràn kimono, ẹ̀rù pé wọ́n á bá àwọn wí ni ò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ̀rù yẹn àti owó rẹ̀ ló jẹ́ kó di ohun tí ọ̀pọ̀ ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ajé kejì nínú January ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ àwọn tó ti dàgbà, ọmọ ogún ọdún ló máa ń kún ibẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á wọ furisode, ọ̀pọ̀ wọn yá a ni, wọ́n á jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ fún wọn. Ní January 2018, ilé iṣẹ́ kan tó ń tà á tó sì ń yá a ti ilẹ̀kùn láìsọ fẹ́nikẹ́ni, ọjọ́ ayẹyẹ gan-an, ní Yokohama àti Hachioji, àwọn ọmọbìnrin tó ti sanwó kalẹ̀ dúró, wọn ò rí aṣọ, wọn ò rí ẹni tó máa wọ̀ wọ́n láṣọ. Mo ronú nípa wọn púpọ̀. Ká ní aṣọ yẹn wà nínú àpótí ìyá wọn, ká ní wọ́n mọ̀ ọ́n wọ̀ fúnra wọn, ta ló lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ Yoshiki ti wọ̀ mí lára nìyẹn. Mo padà lọ wo fídíò yẹn pẹ̀lú ojú téélọ̀. Kimono tí wọ́n bá wọ̀ dáadáa máa ń bo gbogbo ara, wọ́n tiẹ̀ máa ń ki táwẹ́ẹ̀lì sí ìbàdí kí ara lè lọ gbọọrọ láìní kọ̀rọ̀, àmọ́ ibì kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn. Wọ́n á fa kọ́là sẹ́yìn díẹ̀ kí awọ ara lè hàn níbẹ̀, àwọn geisha, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń fi orin àti ijó dá àwọn èèyàn lára yá, ló ń fà á jù. Ibẹ̀ ni ẹwà obìnrin ń gbé lójú wọn. Yoshiki gba ibi tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ yẹn lọ, ó kàn fà á sọ̀ kalẹ̀ sórí èjìká ni. Ọmọ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ń wo bí àwọn obìnrin ṣe ń fi síliìkì sórí èjìká níwájú dígí ló lè mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Àjèjì ò ní mọ̀, ibi tó bá wù ú ló máa gé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wù mí o. Àwọn tí itan ti hàn délẹ̀, tá a bá yọ síliìkì yẹn kúrò, àfihàn aṣọ ìlú èyíkéyìí láyé lèèyàn ti lè rí wọn, wọn ò nílò ilé kimono. Ìyá mi ì bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ àwọn tó gbé àwòrán manga sí, ìyẹn àwòrán inú ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan, èyí tó lè bí àwọn kan nínú, àwọn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí kimono ti ń gbé ohun tójú ń rí kiri tipẹ́. Láàárín 1920 sí 1940, wọ́n ń ya reluwé sára rẹ̀, wọ́n ń ya ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n ń ya ilé gogoro. Tá a bá tún padà sẹ́yìn, lásìkò tí wọ́n ń pè ní Edo ní Japan, ìjọba ò fẹ́ káwọn oníṣòwò máa wọ aṣọ olówó iyebíye, ni wọ́n bá ń wọ èyí tí ìta rẹ̀ jẹ́ bíi ti mẹ̀kúnnù, wọ́n á wá fi síliìkì tó ń dán ṣe láínìn sínú. Yuzen gan-an tí gbogbo ayé ń pè ní ìṣẹ̀ǹbáyé, ìyẹn kíkun òdòdó sára síliìkì ní Kyoto, orúkọ ayàwòrán kan tó ń ya abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi pè é, àṣà tuntun ni lọ́dún 1600 ó lé. Aṣọ tó ń yí padà ni. Ìgbà tí wọ́n dá a dúró lójú kan, tí wọ́n ní ó pé báyìí kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, ìgbà yẹn ló di ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù àtiwọ̀.

Mo tún rántí ti Kim Kardashian ní 2019. Ó fẹ́ ta àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń fún ara pọ̀, ó pè é ní Kimono torí pé Kim lorúkọ òun, ó sì fẹ́ gba orúkọ náà lábẹ́ òfin. Olórí ìlú Kyoto kọ lẹ́tà sí i pé kó jọ̀ọ́ kó má lo orúkọ yẹn, ohun tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn ni. Ariwo pọ̀, ó yí i sí SKIMS. Yoshiki náà fi orúkọ tiẹ̀ mọ́ kimono, mi ò gbọ́ pé ẹnì kan kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n lè bínú sí itan tó hàn, wọn ò lè ní kí ló kàn án. Èmi rò pé ẹni tí ilé aṣọ bí ni àyè wà fún láti ṣàṣìṣe nínú aṣọ.

Èmi wá ńkọ́, tí mò ń pe àwọ̀lékè mi ní kimono láti ọjọ́ yìí? Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi fún bí oṣù mẹ́ta. Mo ṣáà ń rí i bí àwọn èèyàn yẹn ṣe sún mọ́ wa tó nínú iṣẹ́ aṣọ. Àwọn náà ní aró, àwọn náà ní òǹtẹ̀. Tiwa tó jẹ́ ẹlẹ́kọ, a máa ń fi àtè láfún ya nǹkan sára aṣọ tàbí ká fi páànù tí wọ́n gé ní iho-iho tẹ̀ ẹ́ kó má bàa gba aró, tiwọn, àtè ìrẹsì ni, bébà líle tí wọ́n fi omi èso kan pa ni wọ́n gé ní iho-iho. Mi ò rò pé ẹnì kan ló kọ́ ẹnì kejì. Àmọ́ ìyá aládìrẹ kan ní Ìtokú tí mo fi fídíò wọn hàn lórí fóònù mi wò ó títí, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n o," wọ́n sì ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan ló wá kọ lù mí níwájú tábìlì ìgéṣọ. Aṣọ tí a ń pa láró lọ́dọ̀ wa, yáàdì márùn-ún ni, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 45. Sẹ̀ǹtímítà 36 jẹ́ ínṣì 14 àti díẹ̀. Tí mo bá fa aṣọ yẹn ya sí mẹ́ta lóròó, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó ínṣì 15, tí mo bá sì to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lórí ara wọn, gígùn rẹ̀ á lé ní mítà 13. Tan kan ti pé nínú rẹ̀, ó tún ṣẹ́kù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi yáàdì márùn-ún rán kimono tí kì í ṣe kimono, tí mò ń da àjákù nù, ojúlówó rẹ̀ wà nínú aṣọ kan náà.

Nínú ẹrù ìyá mi, ẹlẹ́kọ kan wà tí wọn ò fi rán nǹkan kan, ó ti dúdú tó bẹ́ẹ̀ tó ń dán, tó bá kan ọwọ́ aró á ṣì mú ọ. Ó pẹ́ kí n tó lè fọwọ́ kàn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo fà á ya, mi ò lo àlùmọ́gàjí, ó dún ṣàà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọọṣẹ́ mi dìde dúró. Ibi tí mo ti fìyà jẹ ara mi ni etí rẹ̀, torí tiwọn ti wá láti orí òfì pẹ̀lú etí méjì tó dì, tèmi tí mo fà ya ń yọ òwú, mo ní láti wíìfù gbogbo rẹ̀, ìyẹn jẹ díẹ̀ nínú fífẹ̀ rẹ̀. Mo gé ẹyọ mẹ́jọ. Mo là á lọ́rùn, mo ṣẹ́ ìyókù sínú. Mo gbé kọ́là sẹ́yìn díẹ̀ bí mo ṣe rí i. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí, àwọ̀lékè tí mo ń fi ọjọ́ kan rán.

Nígbà tí ọmọọṣẹ́ mi gbálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó parí, òwú nìkan ló kó. Ó mú páńkà wá fi hàn mí.

Mi ò tíì wọ̀ ọ́ jáde. Máṣíìnì ni mo fi rán an, ìyẹn ò sì jẹ́ kó ṣeé tú bó ṣe yẹ, kò ní ṣeé fọ̀ bíi tiwọn, kò ní ṣeé tún rán fún ọmọ mi tó bá ga jù mí lọ. Mo ti ra abẹ́rẹ́ ọwọ́ tín-ín-rín, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọwọ́ òsì.